Oz Ọdún 2013: Bí Ìtàn Ìṣáájú Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Ohun Tó Ń Mú Un Kọsẹ̀

Nínú fíìmù The Wizard of Oz tí ilé iṣẹ́ MGM gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1939, ajá kékeré kan ló tú àṣírí. Dorothy àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dúró níwájú Oṣó Ńlá ìlú Emerald. Orí kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí, ó tóbi bí ilé, iná ń sọ lọ́tùn-ún lósì, èéfín gba gbogbo gbọ̀ngàn, ohùn rẹ̀ sì ń sán bí àrá. Jìnnìjìnnì bo gbogbo wọn. Toto, ajá Dorothy, rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ẹnu fa kọ́tìnnì, ló bá ku bàbá àgbàlagbà kan tó dúró ti ẹ̀rọ, tó ń yí èyí, tó ń fa tọ̀hún, tó ń pariwo sínú gbohùngbohùn. Bàbá náà kò ní agbára kankan. Ará Kansas ni, bàlúùnù ló gbé e ṣìnà dé ìlú onílùú, àwọn ará ibẹ̀ sì sọ ọ́ di oṣó. Frank Morgan tó ṣe bàbá yìí jẹ́ kí ìtìjú hàn lójú rẹ̀ débi pé àánú rẹ̀ ń ṣeni. Nígbà tí Dorothy pè é ní èèyàn burúkú, ó ní rárá o, èèyàn dáadáa lòun, iṣẹ́ oṣó gan-an ni òun kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní March 2013, Disney gbé fíìmù míì jáde, Oz the Great and Powerful, tó sọ bí ọkùnrin yìí ṣe dé Oz nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Sam Raimi ló darí rẹ̀, James Franco ló ṣe oṣó. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 215 dọ́là ni wọ́n ná sí i, láì ka owó ìpolówó. Àwọn èèyàn rọ́ lọ wò ó, ojú wọn sì rí ohun tó rẹwà, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn fíìmù àkọ́kọ́ ló jáde bí ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún tí wọn ò mú un ṣẹ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń gbé e ró àti ohun tó ń bì í wó. Ti Oz yìí hàn kedere ju ti ọ̀pọ̀ lọ, torí owó ò wọ́n wọn, òṣèré ò wọ́n wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ò wọ́n wọn. Ìbéèrè tó yẹ kí fíìmù náà máa wá ìdáhùn sí ni wọn ò ní.

Ìtàn ìṣáájú ni ìtàn tí wọ́n sọ kẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé ohun tó ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tó ń wò ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ó mọ ẹni tí kò ní kú, ó mọ ẹni tó máa di ìkà, ó mọ ẹni tó máa jókòó sórí ìtẹ́. Ìbéèrè "kí ló máa ṣẹlẹ̀?" tó sábà máa ń dá wa dúró ti ìtàn ti kúrò níbẹ̀. Èyí tó kù ni "báwo ló ṣe dà bẹ́ẹ̀?", ìdáhùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ ju ohun tí òǹwòran ti rò fúnra rẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n sọ fún un.

Ọ̀pọ̀ wa ti ka irú ìtàn yìí nílé ìwé láìfún un lórúkọ. D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde lọ́dún 1938, ó wá gbé Igbó Olódùmarè jáde lọ́dún 1949. Ìwé kejì yìí padà sẹ́yìn, ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn, ló sọ. Ẹni tó bá ti ka ìwé àkọ́kọ́ ti mọ̀, kó tó ṣí ìkejì, pé ọdẹ yìí ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ àjẹ́, àti pé òun náà ò ní pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ìgboyà Olówó-ayé, gbogbo ìjà tó jà, gbogbo ayọ̀ rẹ̀, a ń kà wọ́n pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn lọ́kàn. Fágúnwà ò sì tún ìwé àkọ́kọ́ sọ. Ó mú bàbá kan tí a mọ̀ nípa ojú ewé mélòó kan péré, ó fún un ní odidi ayé. Bí ìtàn ìṣáájú tó dára ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí a ti mọ̀ kì í ba adùn rẹ̀ jẹ́, òun gan-an ló ń fún un ní ìwúwo.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹrù tí Disney gbé karí. Fíìmù 1939 yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pawó nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 dọ́là ló ná MGM, ohun tó wọlé nígbà náà ò sì ju bíi mílíọ̀nù 3 lọ, èyí tí kò tó láti kó owó ìpolówó àti ìpín àwọn onílé sinimá kúrò kí èrè tó kù. Tẹlifíṣọ̀n ló sọ ọ́ di ohun ìní gbogbo ilé. CBS gbé e sáfẹ́fẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní November 3, 1956, nígbà tó sì di 1959, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lọ́dọọdún. Kò tíì sí fídíò nínú ilé nígbà yẹn. Alẹ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni, tọmọdé tàgbà á jókòó, ọmọ tí oorun bá sì gbé lọ á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wò ó nìyẹn títí àwọn ọmọ yẹn fi di òbí, táwọn náà tún pe ọmọ tiwọn jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìtàn ìṣáájú fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń bá ìrántí ìgbà èwe àìmọye èèyàn du ipò ni, kì í ṣe iṣẹ́ olùdarí kan lásán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í rí ni ọ̀rọ̀ òfin, bẹ́ẹ̀ òun ló pinnu ìdajì ohun tí a rí lójú sinimá. L. Frank Baum kọ ìwé The Wonderful Wizard of Oz lọ́dún 1900. Láti ọdún 1956 ni ìwé yẹn ti bọ́ lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà. Ó ti di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni lè fi ṣe fíìmù, eré orí ìtàgé tàbí ohun ìṣeré ọmọdé láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ fíìmù 1939 ní olówó tirẹ̀. Ted Turner ra àwọn fíìmù àtijọ́ MGM lọ́dún 1986, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sọ́wọ́ Warner Bros. Lọ́dún 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ kan ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé bí ìwé Baum tilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, ìrísí àti ìṣe àwọn èèyàn inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fíìmù yẹn ṣe fi wọ́n hàn ṣì jẹ́ ohun ìní Warner.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lójú iṣẹ́ ni pé ohunkóhun tó bá wà nínú ìwé, Disney lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́: bàlúùnù, ààjà tó ń gbé èèyàn lọ, ọ̀bọ abìyẹ́, oko òdòdó poppy tó ń kun èèyàn lóorun, ọ̀nà bíríkì aláwọ̀ ìyeyè, ìlú Emerald fúnra rẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ MGM ló dá a sílẹ̀, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Bàtà pupa dídán Dorothy tí gbogbo ayé mọ̀ wà lára rẹ̀. Nínú ìwé, bàtà fàdákà ni. MGM ló sọ ọ́ di pupa kí àwọ̀ Technicolor tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà náà lè hàn dáadáa. Nígbà tí Disney ṣe fíìmù Return to Oz lọ́dún 1985, ṣe ni wọ́n sanwó kí wọ́n tó lè lo bàtà náà. Nínú ti 2013, ẹ ò ní rí i rárá. Àwọ̀ ewé tó wà lójú Àjẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn náà ń kọ́? Kò sí nínú ìwé Baum. Ohun tí Baum sọ nípa rẹ̀ ni pé ojú kan ṣoṣo ló ní. Ojú Margaret Hamilton lọ́dún 1939 ni àwọ̀ yẹn ti wá, torí náà ńṣe ni àwọn tó ń kun òṣèré Disney lójú ń wá irú àwọ̀ ewé tí kò ní jọ ti tẹ́lẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò sì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ò kéré. Ìfẹ́ fíìmù 1939 ló mú òǹwòran wá, ohun tó sì fẹ́ràn nínú rẹ̀ gan-an ni wọn ò lè fi hàn án. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìrántí bàbá rẹ̀ tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé fọ́tò bàbá náà jáde.

Ọ̀pọ̀ èèyàn di gbogbo ẹ̀bi ru òfin yìí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n jẹ́ kí òfin náà lé wọn padà sínú ìwé Baum ni, ohun tí wọn ì bá bá níbẹ̀ pọ̀ jaburata. Baum kọ ìwé 14 nípa Oz kó tó kú lọ́dún 1919. Ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1908, Dorothy and the Wizard in Oz, ni Disney ti rí orúkọ Oscar Diggs tí wọ́n fún oṣó wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àkọ́kọ́ pàápàá, ohun kan wà tí mi ò yé ronú lé lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ìlú Emerald, aṣọ́bodè á fi awò ojú aláwọ̀ ewé sí i lójú, á sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í sẹ́yìn orí rẹ̀ kó má bàa lè bọ́ ọ. Wọ́n fi ti Toto náà sí i lójú. Ìgbà tí àṣírí tú ni oṣó wá jẹ́wọ́ pé ìlú náà ò ní àwọ̀ ewé ju ìlú yòókù lọ. Awò ló ń ṣe é. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú ti ń lò ó débi pé púpọ̀ nínú wọn gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ọgbọ́n gbájúẹ̀ pátápátá ni, ìjọba sì ni oṣó fi ń ṣe. Báwo ni èèyàn kan ṣoṣo ṣe lè tan odidi ìlú jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún? Ta ló kọ́kọ́ wọ awò yẹn láìjanpata? Ìgbà wo ni irọ́ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í su òun tó ń pa á gan-an? Ìbéèrè tó lè gbé ìtàn ìṣáájú ró nìyẹn, torí pé fíìmù 1939 kò dáhùn rẹ̀, ó kàn fi bàbá tí irọ́ ti sú hàn wá ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù 2013 tiẹ̀ dà bí ẹni pé ó fẹ́ gba ọ̀nà yẹn. Ọdún 1905 ni, ní Kansas, nínú àgọ́ àwọn eléré tó ń ti ìlú dé ìlú. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, àwòrán náà kéré, igun mẹ́rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bíi ti sinimá ayé àtijọ́. Oscar ń pidán. Ó mú kí obìnrin kan léfòó lójú òfuurufú, ẹnì kan pariwo pé òun rí okùn, ó tún fi ọgbọ́n yí i padà, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun rìn. Gbogbo àgọ́ dákẹ́. Òbí ọmọ náà ń nawọ́ owó. Oscar ò lè sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí òun ń ṣe, kò sì lè wò ó sàn. Ó wá àwáwí, wọ́n hó lé e lórí. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn, a ti rí ohun tí ẹ̀tàn ń náni, mi ò sì rò pé Raimi tún rí ibòmíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù náà.

Bó ṣe gba inú Kansas bọ́ sí Oz náà dára, ó sì yẹ ká sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Lọ́dún 1939, Dorothy ṣí ilẹ̀kùn ilé tí ààjà gbé wá, inú ilé ṣì ní àwọ̀ ilẹ̀, ìta sì kún fún àwọ̀ lóríṣiríṣi. Wọn ò gé àwòrán náà rárá. Ńṣe ni wọ́n fi ọ̀dà kun inú ilé náà láwọ̀ ilẹ̀, obìnrin míì tó wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó yẹ̀ sẹ́yìn, Judy Garland wá gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú aṣọ búlúù. Raimi ò lè jí ìyẹn kọ, ó sì wá tirẹ̀. Bí bàlúùnù Oscar ṣe ń bọ́ sí Oz, àwọ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àwòrán méjèèjì sì ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn títí ó fi gba gbogbo ojú sinimá. Ẹni tó bá wò ó nílé sinimá mọ bí ọkàn ṣe ń fò nígbà yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í já. Oscar pàdé àjẹ́ kan tí ń jẹ́ Theodora, Mila Kunis ló ṣe é. Wọ́n ní àsọtẹ́lẹ̀ kan wà pé oṣó kan máa ti ojú ọ̀run wá gba ìlú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Theodora, Evanora, tí Rachel Weisz ṣe, sọ fún Oscar pé tó bá lè pa àjẹ́ burúkú tó wà nínú igbó, gbogbo wúrà ìlú á di tirẹ̀. Ó lọ, ó rí i pé Glinda tí wọ́n ní kó pa lẹni rere, Evanora gan-an ni ìkà. Títí dé ibẹ̀, kò burú. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún Theodora. Òun ni Àjẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ọjọ́ iwájú, ẹni tí ìkà rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọdé láti ọdún 1939 tó sì jẹ́ pé àkókò tí Margaret Hamilton fi hàn lójú sinimá kò tó ìṣẹ́jú 15. Kí ló sọ ọ́ di ìkà? Oscar fún un ní àpótí orin kékeré, ó rò pé ó fẹ́ fẹ́ òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi hàn án pé ọkùnrin náà wà lọ́dọ̀ Glinda, inú bí i, ó bu ápù onídán jẹ, ojú rẹ̀ di aláwọ̀ ewé. Ó parí. Àjẹ́ inú fíìmù àkọ́kọ́ ní ẹjọ́ tirẹ̀ tó ń rò: ilé já lu àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa á, àlejò kan sì wọ bàtà òkú lọ. Wọ́n gba ìdí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi owú ọkùnrin dípò rẹ̀, ọkùnrin tí wọn ò tíì mọra ju ọjọ́ kan lọ. Ohun kan ṣoṣo tó gún mi lọ́kàn nínú gbogbo rẹ̀ ni pé omijé Theodora ń jó o lójú bó ṣe ń ṣàn, ó ń fa àpá sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ti wo fíìmù àkọ́kọ́ mọ̀ pé omi ló máa pa á. Ibẹ̀ yẹn, wọ́n rí i ṣe.

Ọmọ tánńganran ni mo tún fẹ́ dúró lé lórí. Inú ìwé Baum ló ti wá, orílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ jẹ́ tánńganran. Oscar àti Finley, ọ̀bọ abìyẹ́ tó ń bá a rìn, dé ìlú kan tí ogun ti fọ́, àwókù abọ́ kún ilẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹkún. Ọmọbìnrin kékeré kan tí kò ga ju abọ́ ìfọṣọ lọ jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kán, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àfọ́kù ife. Oscar tú inú báàgì rẹ̀, ó mú gọ́ọ̀mù jáde, ó lẹ ẹsẹ̀ náà pa dà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kó rìn. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Joey King tó sọ̀rọ̀ fún un ni ọmọ orí kẹ̀kẹ́ arọ ní Kansas. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, wọ́n gbé ọmọláńgidi olókùn gidi wá síbẹ̀, onímọ̀ iṣẹ́ náà ń fi okùn darí rẹ̀, kí James Franco lè rí ohun tó ń bá sọ̀rọ̀, kó sì rí bó ṣe ń gbé orí sókè. Kọ̀ǹpútà ló parí iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn. Mo gbà pé ìdí tí ìran yẹn fi yàtọ̀ nìyẹn: ohun kan wà níwájú òṣèré tó ní ìwọ̀n, tó ní ojú. Kò sí agbára oṣó níbẹ̀, gọ́ọ̀mù ni, sùúrù ni. Ká ní irú Oscar yìí ni fíìmù náà tẹ̀ lé, ẹni tó ń fi ọgbọ́n kékeré tún nǹkan kékeré ṣe, tó sì wá rí i pé àwọn èèyàn fẹ́ kó ṣe ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, ìtàn mìíràn là bá máa sọ.

Ìparí rẹ̀ ló wá da gbogbo nǹkan rú, ibẹ̀ sì ni ìtàn ìṣáájú ti lè ṣe ìpalára fún ìtàn tó bí i. Oscar, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti Glinda kó ẹ̀rọ jọ. Wọ́n fi ère koríko bí irú èyí tí àgbẹ̀ ń gbé sóko dẹ ìdẹ sínú oko poppy, wọ́n fi èéfín àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde sọ ojú Oscar di orí gbàǹgbà lókè ìlú, àwọn àjẹ́ burúkú bẹ̀rù, wọ́n sá. Ìtànjẹ yẹn wá di ìṣẹ́gun akọni. Ó dùn ún wò, mi ò jiyàn. Àmọ́ Glinda mọ̀ pé irọ́ ni. Òun gan-an ló bá wọn pa á. Nínú fíìmù 1939, Glinda ló ní kí Dorothy, ọmọ tó sọ nù tó ń sunkún ilé, lọ bá oṣó náà, pé oṣó ló lè ràn án lọ́wọ́. Bí a bá gba fíìmù 2013 gbọ́, a jẹ́ pé Glinda mọ̀ọ́mọ̀ rán ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà jíjìn, láàárín ewu, sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ dájú pé kò lè ṣe ohunkóhun. Ẹni tí a fọkàn tán jù lọ nínú ìtàn náà wá di alábàáṣe gbájúẹ̀. Mi ò rò pé Disney fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò kàn ronú dé ibẹ̀ ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún àwọn òbí tó bá fẹ́ fi méjèèjì han ọmọ wọn pé ti 1939 ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọmọ tó bá ti kọ́kọ́ wo ti Disney ti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, orí ńlá yẹn ò ní bà á lẹ́rù.

Àwọn àmì kékeré tí wọ́n tò káàkiri fíìmù náà kò ràn án lọ́wọ́. Kìnnìún kan yọ, Oscar fi èéfín lé e, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, a mọ̀ pé Kìnnìún Ojo nìyẹn. Obìnrin tí Oscar fẹ́ràn ní Kansas ní ẹnì kan tí ń jẹ́ John Gale ń fẹ́ fẹ́ òun, a rántí pé Dorothy Gale ni orúkọ ọmọ yẹn. Irú nǹkan báyìí máa ń mú òǹwòran rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tán síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìtàn ìṣáájú sábà máa ń rò pé iṣẹ́ wọn ni láti ṣàlàyé ibi tí ohun gbogbo ti wá.

Kí ló fà á tí Disney fi náwó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìwé eré tí kò tíì jinná? Ẹ wo ọdún 2010. Fíìmù wọn Alice in Wonderland, tó jẹ́ pé Joe Roth, ọ̀kan lára àwọn tó gbé Oz ọdún 2013 jáde, wà lára àwọn tó gbé òun náà jáde, pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ káàkiri ayé. Ìwé àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, tí òfin ò dè mọ́, ayé àrà ọ̀tọ̀ tí kọ̀ǹpútà yà, awò 3D lójú òǹwòran: ó jọ pé ọ̀nà ọrọ̀ ti hàn. Wọ́n tún gba Robert Stromberg tó ya ayé Alice láti ya ayé Oz. Fíìmù náà pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 493 dọ́là káàkiri ayé. Ó jọ owó ńlá, àmọ́ nǹkan bí ìdajì irú owó bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílé sinimá ń mú, owó ìpolówó sì wà lọ́tọ̀. Kò jẹ wọ́n ní gbèsè tó ń dójú tini, ṣùgbọ́n apá kejì tí wọ́n ń sọ nígbà náà ò wáyé títí dòní.

Ẹni tó bá ní bóyá ìtàn ìṣáájú Oz ò tiẹ̀ ṣeé ṣe rárá, kó wo Wicked. Gregory Maguire kọ ọ́ ní ìwé lọ́dún 1995, ó di eré olórin ní Broadway lọ́dún 2003, Jon M. Chu wá sọ ọ́ di fíìmù ní November 2024. Cynthia Erivo, ọmọ tí àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà bí sí London, ló ṣe àjẹ́ aláwọ̀ ewé náà. Ó pa ju mílíọ̀nù 700 dọ́là lọ. Òfin kan náà ló de àwọn náà. Bàtà pupa MGM ò sí lọ́wọ́ wọn, fàdákà ni wọ́n lò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Maguire bi ìbéèrè kan tí fíìmù 1939 ò fìgbà kan bi: ta ló sọ pé ìkà ni obìnrin yìí? Gbogbo ìtàn rẹ̀ ló ń wá ìdáhùn yẹn. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n bí Elphaba, wọ́n kórìíra rẹ̀ láti kékeré, ó gbàgbọ́ nínú oṣó, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rí i pé òfìfo ni, àti pé òfìfo náà ń fìyà jẹ àwọn aláìlágbára kó lè máa jọba lọ. Oṣó ò di akọni níbẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ bí Baum àti MGM ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n wá fi hàn wá bí òfìfo ṣe máa ń léwu tó bí agbára bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn kan ṣì wà nílẹ̀ tí mo ń retí. Nínú ìwé kejì Baum, The Marvelous Land of Oz, tó jáde lọ́dún 1904, a gbọ́ pé kí oṣó tó dé, ọba kan wà ní ìlú Emerald tí ń jẹ́ Pastoria, ó sì ní ọmọbìnrin kan, Ozma, tó yẹ kó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Oṣó ló gbé ọmọ náà lọ fún àjẹ́ kan ní ìkọ̀kọ̀ kó bá òun fi pa mọ́, àjẹ́ náà sì sọ ọ́ di ọmọkùnrin, ó ń fi ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ọmọ náà ò sì mọ ẹni tí òun jẹ́. Bàbá onítìjú tí Frank Morgan ṣe yẹn ló ṣe bẹ́ẹ̀, èèyàn dáadáa tó ní iṣẹ́ oṣó nìkan lòun ò mọ̀. Báwo ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe gbé ọmọ ọwọ́ lọ fún àjẹ́? Kí ló sọ fún ara rẹ̀ lọ́nà? Ìwé náà ò sí lábẹ́ òfin kankan mọ́, Disney lè lò ó lọ́dún 2013, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó lónìí. Ní January 1, 2035, òfin á tú fíìmù 1939 náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tòun ti bàtà pupa àti ojú aláwọ̀ ewé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn Ozma ò nílò láti dúró dìgbà yẹn.